Palaver: Ọ̀rọ̀ Tó Di Ẹjọ́

Bí ènìyàn ṣe ní ìtàn ni ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní ìtàn. Lónìí, a ó wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: palaver.

Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ní etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀, ìjókòó àpérò láàárín òyìnbó oníṣòwò àti àwọn ará ìlú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ẹjọ́, ó di wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ó ní Nàìjíríà. Gẹ̀ẹ́sì tún ń lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, fún kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ títí, tàbí kí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ẹlòmíràn. Palabre ni Faransé ń pè é. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti parí ọ̀rọ̀, arbre à palabres ni wọ́n ń pè é.

Níbo ló ti wá? Láti èdè Gíríìkì àtijọ́ ni. Níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni fífi ohun kan wé òmíràn, bí àwa ti ń pa òwe. Èdè Látìnì gbà á, àwọn Pọtogí sì sọ ọ́ di palavra, ìyẹn "ọ̀rọ̀". Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́! Ní 1482, àwọn Pọtogí kọ́ odi sí Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òní. Ní 1721, wọ́n kọ́ òmíràn sí Ouidah. Kí wọ́n tó rà tàbí kí wọ́n tó tà, wọ́n ní láti bá àwọn olórí ìlú sọ̀rọ̀. Ní etíkun yìí ni àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ palavra.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe di ẹjọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ iye ọjà àti gbèsè, asọ̀ kì í jìnnà. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Bí a bá ní "ọ̀rọ̀ wà láàárín wọn", kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ìtòsí wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1894, Lugard tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àdéhùn ní Nikki. Kí oṣù náà tó parí, Decœur tó jẹ́ Faransé dé, òun náà gba tirẹ̀. Ìlú kan, ìwé méjì! Ọ̀rọ̀ ẹnu ti lọ, ìwé ló kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, ní Paris, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ Bàrìbá. Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ Nikki kankan níbi ìjókòó yẹn. Ààlà náà wà títí dòní.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ẹnu dára, abẹ́ igi la ti ń tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ìwé, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ka. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín.