Òfin Àdéhùn àti Iṣẹ́ Ìjọba Tí Yóò Tọ́jọ́ ní Àríwá Èkìtì

Bí ìjọba bá fẹ́ fi owó ìlú ra ọjà tàbí kí ó gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, ó yẹ kí ó ro iye ọdún tí ohun náà yóò lò, iye tí ìtọ́jú rẹ̀ yóò máa ná ìlú, àti ohun tí yóò ṣe sí ilẹ̀ àti omi wa. Ìrajà báyìí ni à ń pè ní ìrajà alálòpẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í kún àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè rẹ̀ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n àfojúsùn kì í ṣe àdéhùn. Ohun tí ó de agbaṣẹ́ṣe ni ìwé tí òun àti ìjọba jọ fọwọ́ sí, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé náà, ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ tó bá ni gbà á.

Kì í ṣe òfin ìrajà kan ṣoṣo ni ó wà ní agbègbè yìí. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé, àti Ilé Ìwòsàn Ìkọ́nimọ̀ọ́ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, wà lábẹ́ Òfin Ìrajà Ìjọba ti ọdún 2007. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní tiwọn wà lábẹ́ òfin ìrajà ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè nípa iṣẹ́ kan, kí ó kọ́kọ́ wádìí ìjọba tí ó gbé e jáde.

Ọ̀rọ̀ iye owó ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Òfin ọdún 2007 sọ pé ẹni tí iye owó rẹ̀ kéré jù ni kí a gbé iṣẹ́ fún, láàárín àwọn tí ohun tí wọ́n mú wá bá irú iṣẹ́ tí a béèrè mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí apá kìn-ín-ní, wọ́n gbàgbé èkejì. Ẹ jẹ́ kí a fi kànga ẹ̀rọ tí ń lo agbára oòrùn ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìwé ìpè fún iṣẹ́ bá sọ pé “ẹ̀rọ tí ń fa omi àti bátìrì” nìkan, ẹni tí ó mú bátìrì tí kò ní pẹ́ bàjẹ́ wá ní owó pọ́ọ́kú ni yóò borí. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì lè yọ ọ́ kúrò nígbà náà, nítorí òfin kò gbà kí a fi ìlànà tí a kò kọ sínú ìwé ìpè ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá sọ iye ọdún tí bátìrì gbọ́dọ̀ lò, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti ẹni tí yóò kó òkú bátìrì lọ kí òjé inú rẹ̀ má baà wọ inú ilẹ̀, ẹni owó pọ́ọ́kú yẹn kò yege mọ́. Ibi tí a ti ń kọ ìwé ìpè gan-an ni a ti ń pinnu bí iṣẹ́ yóò ti pẹ́ tó.

Lẹ́yìn èyí, ìdúró ni ó kù. Agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìmú ìwé ìdúró wá láti báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò. Àdéhùn sì lè sọ pé kí a dá díẹ̀ dúró nínú owó rẹ̀ títí àsìkò àtúnṣe ọ̀fẹ́ yóò fi parí. Ìjọba náà ní gbèsè tirẹ̀ lọ́rùn: lábẹ́ òfin ọdún 2007, bí owó bá pẹ́ ju 60 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí agbaṣẹ́ṣe ti fi ìwé owó sílẹ̀, èlé yóò gorí rẹ̀. Kì í ṣe ojúrere lásán ni èyí, nítorí agbaṣẹ́ṣe tí ń bẹ̀rù pé owó òun yóò pẹ́ á tètè bù lé iye tí ó pè, tàbí kí ó dín sìmẹ́ǹtì kù.

Ará ìlú tí kànga rẹ̀ gbẹ ńkọ́? Nínú ẹjọ́ Ikpeazu àti African Continental Bank ní ọdún 1965, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí kò sí nínú àdéhùn kò lè fi àdéhùn náà pe ẹjọ́, kódà bí ó bá jẹ́ pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ìjọba nìkan ni ó lè fi àdéhùn mú agbaṣẹ́ṣe. Agbára ará ìlú wà nínú mímọ ohun tí ìwé sọ.

Òfin ọdún 2007 gbà kí ẹnikẹ́ni yẹ àkọsílẹ̀ ìrajà tí kì í ṣe àṣírí wò, bí ó bá san owó ẹ̀dà àti owó iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó tún pàṣẹ pé kí a pe olùwòye méjì sí ètò ìrajà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti inú ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, èkejì láti inú ẹgbẹ́ aládàáni tí ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ìbéèrè, Èkìtì náà sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún kan náà.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé dárúkọ iṣẹ́ àti ibi tí ó wà, kí ó béèrè ẹ̀dà àlàyé irú iṣẹ́ tí a fẹ́, àkọsílẹ̀ iye ohun èlò, àti ọjọ́ tí àsìkò àtúnṣe ọ̀fẹ́ yóò parí. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni kí ó kọ́kọ́ wò, torí pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, owó tí a dá dúró á ti padà sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe.