Ẹja tí wọn ò torí ẹ̀ rìn, òun ló kù

Ní oṣù Kìíní ọdún 1864, ọkọ̀ òkun Norfolk kó ẹyin ẹja láti London lọ sí Melbourne. Ti salmon lé ní 90,000. Ti trout kò ju nǹkan bí 3,000 lọ. Salmon ni wọ́n ń wá. Trout kàn bá wọn lọ bí ènì ni.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni ẹyin ṣe lo oṣù mẹ́ta lójú òkun tí kò bàjẹ́? Yìnyín ni. Bí ara ẹyin bá ṣe tutù tó ni ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ tó.

Láti Melbourne, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀bá odò Plenty ní erékùṣù Tasmania. Ní oṣù Karùn-ún, ọmọ ẹja ń yọ. Ọmọ ọjọ́ kìíní kì í wá oúnjẹ kiri. Àpò oúnjẹ so mọ́ ọn níkùn. Ìgbà tíyẹn bá tán ló tó ń jẹun. Trout bí 300 ló yè.

Salmon tí wọ́n tú sílẹ̀ gba òkun lọ bí ìṣe wọn, wọn ò sì padà. Trout dúró sódò. Ní 1866, wọ́n yé ẹyin.

Èyí tó ń ká mi lára ni àwọn ẹja kéékèèké onílé, galaxias. Ènì yẹn ló wá ń jẹ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ká tó da ọmọ ẹja sódò kan, ká kọ́kọ́ wo ẹni tó ń gbébẹ̀.