Òwò Gẹdú láti Igbó Ìjẹ̀bú dé Èkó: Ta Ni Ó Ń Dá Owó Lé Igi Wa?

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí ilẹ̀ Yorùbá ń fi ránṣẹ́ sí òkèèrè, kòkó àti epo pupa ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Gẹdú kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìtàn náà, síbẹ̀ ó gbé èdè wa dé ẹnu àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrókò, òpèpè àti àfàrà ni wọ́n ń pe igi wọ̀nyí lọ́jà níbẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ odum ni orúkọ ìrókò ní Gánà, limba sì ni orúkọ àfàrà ní Kóńgò. Èrò àròkọ yìí ni pé orúkọ lè jẹ́ tiwa kí agbára lórí owó rẹ̀ má sì jẹ́ tiwa, àti pé òfin tí ó dá gẹdú dúró sílé kò tíì yí èyí padà.

Ní 1925 ni ìjọba amúnisìn sọ igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú di igbó ọba. Láti ìgbà náà, ìwé àṣẹ ìjọba ni ó ń sọ ẹni tí ó lè gé igi níbẹ̀. Omi ni ọ̀nà ọjà: wọn a so ìtì igi pọ̀, wọn a sì tù wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí Èkó. Ẹni tí ó ń rà á lókè òkun ni ó ń sọ irú igi tí òun fẹ́ àti bí ó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ìtì igi lọ sí òkèèrè. Bí a bá ń la igi nílé, iṣẹ́ àti èrè yóò kù sílé. Àsìkò náà bọ́ sí ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń kọ́ Èkó. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ṣágámù sì ni ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ àti Bìní ti pàdé rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù wá ń gba ibẹ̀ gbé pákó lọ sí Èkó.

Ipò agbedeméjì yìí kì í ṣe tuntun fún Rẹ́mọ. Kí Ìjọkù àti àwọn ìlú méjìlá yòókù tó kóra jọ di Ṣágámù ní 1872, ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ọjà Ìbàdàn ń gbà dé Ìkòròdú létí ọ̀sà. Nítorí ọ̀nà yìí ni Ẹ̀gbá ṣe dó ti Ìkòròdú, títí àwọn ọmọ ogun Glover fi lé wọn ní 1865. Ẹni tí ó wà láàárín ọ̀nà ń jẹ nínú òwò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń dá owó lé ọjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó rí. Liverpool kúrò lójú ọjà, Èkó gba ipò rẹ̀. Bí ilé kíkọ́ bá gbóná ní Èkó, ẹni tí ń kan òrùlé ní Ìjọkù ń bá kọngílá Èkó du pákó kan náà. Bí ó bá tutù, alágbẹdú tí ó wà nínú igbó kò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn tí ó tó bẹ́ẹ̀. Bí igbó wa sì ti ń tán, pákó Kamẹrúùnù ń wọlé. Àwa tí a ń ta fún ayé tẹ́lẹ̀ ti ń gbójú lé aládùúgbò.

Nítorí náà, kò tọ́ kí ìwádìí lórí gbígbára lé ẹlòmíràn parí sí èbúté òkun. Ó yẹ kí a máa bèèrè ẹni tí ń rà, iye àwọn tí ń rà, àti bóyá ẹni tí ó ń tà lè sọ pé rárá. Òfin tí kò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ọ̀gá ni yóò pààrọ̀ fún wa. Igi gan-n-gan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Àwa wo òkèèrè títí, a kò ṣàkíyèsí èyí tí ó wà nítòsí.