Wákàtí Oúnjẹ Ọ̀sán: Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Tó Sá Máìlì Kan Kí Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Tó Pé

Ọ̀rọ̀ eré sísá la gbé wá lónìí. Kì í ṣe eré ọgọ́rùn-ún mítà tó máa ń parí kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì. Eré ọ̀nà jíjìn ni mò ń sọ, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń sá nínú ẹgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un, tí ìdánwò sì tún ń dúró dè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yàn án. Nígbà tí mo wà lọ́dún kẹta ní yunifásítì, mo wà nínú ẹgbẹ́ eré sísá. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà ni tèmi. Mo rí ìlànà ìgbáradì asáré ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì dà á kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Mo ń sáré láàárọ̀, mo ń sáré nírọ̀lẹ́, mo ń lọ sí kíláàsì láàárín méjèèjì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìrora yẹn ni ẹ̀rí pé mo fẹ́ ẹ gidi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa ṣojú wa níbi ìdíje, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, tí mo gbé yìnyín lé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu: ṣé ẹni tó ní ìwé láti kà, tí kò ní ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, lè di asáré tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà? Inú ìtàn Roger Bannister ni mo ti rí ìdáhùn.

Ọdún 1946 ni Bannister wọ Yunifásítì Oxford láti kọ́ nípa ìṣègùn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ẹ̀bùn eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbáradì rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì wá sí London lọ́dún 1948, ó ní òun kò tíì tó ẹni tó ń lọ. Ọdún 1952 ló fojú sí, ní Helsinki, nínú eré 1,500 mítà.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti dojú rú. Nígbà tí ìdíje kù díẹ̀, àwọn olùṣètò fi ìpele kan kún eré náà. Dípò eré méjì, ó di mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti kó agbára púpọ̀ jọ lè fara dà á. Agbára ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni Bannister kó jọ ní tirẹ̀. Ipò kẹrin ló ṣe. Josy Barthel, ọmọ Luxembourg, ló gba wúrà.

Ní ìdíje yẹn kan náà, Emil Zátopek, ọmọ Czechoslovakia, gba wúrà mẹ́ta: 5,000 mítà, 10,000 mítà, àti máratọ́ọ̀nù tí kò sá rí láyé rẹ̀. Báwo ló ṣe ṣe é? Ó máa ń sá 400 mítà, á rọra sáré díẹ̀ láti fi mí, á tún sá òmíràn, títí á fi di ogún, nígbà míì kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà sójà ló máa ń wọ̀ ṣe é nígbà míì. Àwọn Jámánì ti ń ṣe irú ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Kóòṣì Woldemar Gerschler àti dókítà Hans Reindell máa ń ka bí ọkàn asáré ṣe ń lù. Tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó bó ṣe yẹ, asáré á tún gbéra. Ọmọ iṣẹ́ Gerschler, Rudolf Harbig, sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6 lọ́dún 1939. Ọdún 1955 ni ẹnikẹ́ni tó tún sá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Bannister. Ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé lẹ́yìn Helsinki, òun á fi eré sílẹ̀. Ìjákulẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó lè fi í sílẹ̀. Ó fún ara rẹ̀ ní ọdún méjì sí i. Lákòókò yìí, ó ti wà ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Paddington, ní London, níbi tó ti ń parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Àwọn aláìsàn wà níwájú rẹ̀, ìwé wà níwájú rẹ̀. Kò lè ṣe bíi Zátopek, kò tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Wákàtí oúnjẹ ọ̀sán ló mú. Á sáré lọ sí pápá ìṣeré tó wà nítòsí, á ṣe tiẹ̀, á wẹ̀, á jẹun, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá Chris Brasher àti Chris Chataway ṣe ìgbáradì lópin ọ̀sẹ̀, lábẹ́ Franz Stampfl, kóòṣì ọmọ Austria. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò lọ́jú pọ̀ rárá: ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa fi ọgọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá yípo pápá kọ̀ọ̀kan. Ní December 1953, ìṣẹ́jú-àáyá 66 ni wọ́n fi ń yípo. Díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di April 1954, ó dúró sórí 61. Wọ́n sá, wọ́n tún sá, 61 kò yẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí lẹ máa ṣe? Èmi tí mo wà lọ́dún kẹta nígbà yẹn, mi ò bá fi kún un. Bannister àti Brasher wọ mọ́tò lọ sí òkè Scotland, wọ́n lọ ń gun àpáta fún ọjọ́ mélòó kan, wọn ò sáré rárá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fi 59 yípo. Agbára yẹn ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀. Àárẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tó di May 6, 1954, Bannister lọ sílé ìwòsàn láàárọ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oxford. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi ní pápá Iffley Road, ó sì ń ṣiyèméjì bóyá kó sún un síwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbéra, afẹ́fẹ́ rọ̀. Brasher ló kọ́kọ́ síwájú, Chataway gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Bannister wá já lọ ní yípo tó gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.4. Olùkéde ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ "mẹ́ta" ni ariwo gba gbogbo pápá.

Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, John Landy, ọmọ Ọsirélíà, sá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Finland. Ní August, àwọn méjèèjì pàdé ní Vancouver, Bannister sì borí. Ìdíje yẹn kan náà ni Emmanuel Ifeajuna ti Nàìjíríà ti gba wúrà nínú fífò sókè, ó sì di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni òun náà padà di. Bannister fi eré ìje sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ó sì di dókítà ọpọlọ àti iṣan ara.

Ṣé kí gbogbo wa wá máa sá ìdá mẹ́rin máìlì lẹ́ẹ̀mẹwàá ni? Rárá o. Ní New Zealand, Arthur Lydiard, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà, gba ọ̀nà míì. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó ní kí asáré kọ́kọ́ kó ọ̀nà jíjìn jọ, bí ọgọ́rùn-ún máìlì lọ́sẹ̀, láìkánjú, kó tó wá kan eré kíkankíkan. Ní Rome lọ́dún 1960, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, Peter Snell àti Murray Halberg, gba wúrà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra wọn, wúrà sì ni wúrà. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹni kọ̀ọ̀kan wo ara rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ kó tó yan ìlànà. Zátopek ní àkókò sójà. Bannister ní wákàtí ọ̀sán kan àti ọ̀rẹ́ méjì. Èmi ní tèmi, ìlànà ẹlòmíì ni mo gbé wọ̀, ó sì tóbi jù mí lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni nígbà yẹn.

Mo ti padà sórí eré báyìí. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì, kí a tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojúgun tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, mo sì sùn fọnfọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò rọrùn fún mi o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé pápá, ẹsẹ̀ fúyẹ́.

Tí ìwọ náà bá ń sá nínú ẹgbẹ́ iléèwé rẹ, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí o sọ iye wákàtí tí o ní lóòjọ́ àti ohun tí o ń fi ṣe. A ó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.