Ọjọ́ Tí Fóònù Ṣíwájú Ìwé Ìròyìn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, ọdún 2020.

Aago 12 ọ̀sán. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú kéde kónílé-ó-gbélé ní gbogbo Èkó, ó ní yóò bẹ̀rẹ̀ láago 4 ìrọ̀lẹ́. Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́de lórí ìwà ìkà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan ti dáná sun àgọ́ ọlọ́pàá Òrílé.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ní Àjàó Estate tí mò ń gbé, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn bọ̀ láti Òṣòdì, bàtà lọ́wọ́. Ìjọba padà sún kónílé-ó-gbélé náà sí aago 9 alẹ́ nítorí àwọn tó há sójú ọ̀nà.

Aago 7 ku díẹ̀. Ní too-geeti Lẹ́kí, iná ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de níbẹ̀ na àsíá sókè, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Àwọn sójà dé, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. DJ Switch, ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀, tan Instagram rẹ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó.

"Bùọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ wá wò ó!" Àbúrò mi ló ké. Àwa mẹ́rin rọ̀gbà yí fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti là ká. Àwọn kan ń gbìyànjú láti yọ ọta ìbọn lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan. Nínú pálọ̀, fíìmù ni tẹlifíṣọ̀n wa ń ṣe. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Aago 10 alẹ́. WhatsApp kò sinmi. Iye òkú tí ẹni kan sọ kọ́ ni ẹlòmíì ń sọ. Àwòrán kan wọlé, àbúrò mi fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo bi í pé: ta ló yà á, níbo, nígbà wo? Kò mọ̀. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ 21. Kò sí fẹ́ńdọ̀ tó gbé ìwé ìròyìn wá. Ojú òpó Twitter iléeṣẹ́ ọmọ ogun ti lẹ "irọ́ ni" mọ́ àkọlé àwọn ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn jàǹdùkú dáná sun iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn The Nation ní Mátórí, wọ́n sì kọlu iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TVC. Ó dùn mí dọ́kàn: ilé tó yẹ kó bá wa tú ọ̀rọ̀ wò ni wọ́n dáná sun.

Nígbà tó di ọjọ́ 26, àjọ NBC tó ń mójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3 náírà lé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels, AIT àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní wọ́n lo fídíò orí ayélujára tí wọn kò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, CNN kó irú fídíò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fi wákàtí àti ibi tí wọ́n ti yà á wéra, ẹ̀rí sì jáde pé sójà yìnbọn síbi tí àwọn olùwọ́de wà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Olófòónù ló jẹ́ kí wọ́n má lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Akọ̀ròyìn tó fara balẹ̀ ló jẹ́ kó dúró bí ẹ̀rí. Àwòrán tí a kò fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣì wà lórí fóònù àbúrò mi. Títí dòní, a kò tíì mọ ẹni tó yà á.