Kí Búrẹ́dì Tó Dé, A Ti Ń Yan

Níbi ìgbéyàwó kan ní Àkótógbò, ìlú wa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí ọkọ àti ìyàwó fẹ́ gé àkàrà òyìnbó, ẹni tó ń darí ètò sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ sí. Ó ní sísè àti díndín nìkan ni àwọn baba ńlá wa mọ̀, pé òyìnbó ló kọ́ wa bí a ṣe ń yan oúnjẹ, kí ó tó di iṣẹ́ ìdílé tí ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ìlà kejì ni ìyá mi jókòó sí, àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí à ń yan lókè iná, àwọn náà sì ń pàtẹ́wọ́. Èyí ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹnu ara wa wò. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, ọ̀rọ̀ méjèèjì tí iṣẹ́ yíyan gbà wà nílẹ̀ dè wọ́n: yan, àti ààrò. Kódà, àkàrà aláìwú ni wọ́n pe oúnjẹ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ. Orúkọ búrẹ́dì la yá. A kò yá yíyan.

Búrẹ́dì pàápàá kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn jù lọ ní Nàìjíríà kì í ṣe òyìnbó. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Jàmáíkà, Amos Shackleford. Ó dé sí Èkó ní 1913 láti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, nígbà tó sì di 1921, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe búrẹ́dì tà. Òun kan náà wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Marcus Garvey, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Èkó. Nítorí náà, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú la bá nídìí búrẹ́dì tí à ń yìn òyìnbó fún.

Ṣùgbọ́n pupuru ni ọ̀rọ̀ mi. Inú omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀, tí májèlé inú rẹ̀ yóò sì dínkù. Wọ́n á fọwọ́ rún un, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ dànù, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi lè ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ọ́n roboto bí bọ́ọ̀lù, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná. Iná náà kò gbọdọ̀ jó fòò, nítorí ooru àti èéfín ni wọ́n ń fẹ́. Tí ó bá gbẹ tán, èèpo rẹ̀ á dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha á, inú rẹ̀ á sì yọ, funfun báláú. Wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, ó di ká rò ó lómi gbígbóná.

Kí ló dé tó fi jẹ́ iná? Ní Abẹ́òkúta, orí àpáta ni wọ́n ń sá làfún sí, oòrùn a sì gbẹ ẹ́. Inú igbó kìjikìji ni Àkótógbò wà, níbi tí òjò ti lè rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìdáwọ́ dúró dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé oòrùn níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á bu. Àwọn ìyá wa gbé e sókè iná.

Àwọn ará ilé wa kan náà máa ń ṣìnà ní òdìkejì. Wọ́n ní àtìgbà tí àwọn baba wa ti Bìní wá ni wọ́n ti gbé pupuru dání, pé oúnjẹ ìṣẹ̀dálẹ̀ ni. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀, bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tó. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e wá sí Áfíríkà ní ọ̀rúndún 16. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́ ni àjà. Orí irú àjà bẹ́ẹ̀ ni àwa àti àwọn Ìlàjẹ, ará etí omi, ti ń yan ẹja. Èrò tèmi ni pé ẹja ló kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀gẹ́ wá bá a níbẹ̀. Àlejò ni ẹ̀gẹ́, onílé ni iná.

Àbúrò mi obìnrin ń ṣe búrẹ́dì tà ní Àkótógbò báyìí, nínú ààrò alámọ̀. Lọ́jọ́ kan mo dúró tì í. Ó fa búrẹ́dì kan yọ, ó dà á dojú dé, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀, ó sì tẹ́tí. Ó dá a padà sínú ààrò. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó ní, “Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, ẹ̀gbọ́n mi? Bí Ìyá ṣe máa ń gbá pupuru nìyẹn. Tó bá dún wúwo, omi ṣì wà nínú rẹ̀.”