Ọ̀kẹ́ Kan: Ìtàn àti Àbùdá 20,000 Nínú Ìṣirò Yorùbá

Ọ̀kẹ́ tí ó dúró fún 20,000 kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ nọ́ńbà, àpò ni. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń kún ọ̀kẹ́. Nínú àpilẹ̀kọ tí Adolphus Mann gbé jáde ní ọdún 1887, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ka ẹyọ tí a dà sílẹ̀: a ó ṣà á ní márùn-ún márùn-ún nígbà ogún títí yóò fi di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì yóò sì di igba.

Ọ̀nà ìkàyé yìí hàn kedere nínú àbùdá nọ́ńbà náà. 2 àti 5 nìkan ni ó wà nínú rẹ̀: 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Nítorí náà, ọgbọ̀n nọ́ńbà ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, òun fúnra rẹ̀ àti 1 pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bàbá mẹ́ta bá pín ọ̀kẹ́ kan, ẹyọ méjì yóò ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá jẹ́ méje, ẹyọ kan (ẹyọ kan sì tó dá ìjà sílẹ̀).

2 àti 5 náà ni ó wà nínú mílíọ̀nù, mẹ́fà mẹ́fà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àádọ́ta ọ̀kẹ́ géérégé. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ìṣirò Yorùbá kò lè dé mílíọ̀nù láìyá ọ̀rọ̀ lò ń ṣì wọ́n lọ́nà. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400,000,000.